Àpẹẹrẹ Àròkọ: Àbùdá Oyin Inú Igbó

Ìbéèrè: Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ẹ̀dá kan ní agbègbè rẹ.

Ní ẹ̀yìn odi Ọ̀fà, ihò igi ni oyin sábà máa ń fi ṣe ilé. Ẹlòmíràn tí ó bá fẹ́ kó o, iná ni yóò fi sí i lóru. Afárá ni ó ń wá, ṣùgbọ́n àti ayaba àti ọmọ oyin ni yóò jóná.

Ẹ̀dá tí à ń dáná sun yìí, ìwé ńlá ni ó rù. DNA ni ìwé náà. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́, síbẹ̀ gígùn rẹ̀ ju lẹ́tà mílíọ̀nù 200 lọ. Ní 2006 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ èyí tí wọ́n kà lára oyin tí à ń sìn jáde. Ìbátan tiwa ni. Akọ oyin ni wọ́n lò. Akọ kò ní bàbá (ẹ má rẹ́rìn-ín): inú ẹyin tí àtọ̀ kò kàn ni ó ti ń jáde, nítorí náà ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó ní, nígbà tí ayaba àti òṣìṣẹ́ ní méjì. Ẹ̀dà kan sì rọrùn láti kà ju méjì lọ.

Ní 1957, oyin Áfíríkà bọ́ mọ́ àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ ní Bràsíl. Ní 1990 ó ti dé Amẹ́ríkà. Àbùdá ni ó fi hàn pé ìran Áfíríkà ni ó borí lára àwọn oyin náà. Bí a bá kó oyin òkèèrè wá sí Kwara, irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bá tiwa. Bí a kò bá ti ka ojúlówó sílẹ̀, kí ni a ó fi mọ ohun tí ó yí padà? Iná kò sì dúró de ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ igi emi nílò oyin kí ó tó so dáadáa.