Okùn Ni Ọwọ́ Kejì Ẹni Tí Ń Dá Tukọ̀

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: báyìí ni àwọn baba wa wí, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá pinnu láti dá nìkan wọ ọkọ̀ ìgbòkun, kí ó sì kọrí sí òkun, alagbalúgbú omi tí ẹnìkan kò rí òpin rẹ̀, níbi tí kò sí ará, tí kò sí ọ̀rẹ́, tí a kò lè ké sí aládùúgbò pé kí ó wá bá ni di nǹkan mú, ó di dandan kí ó wá ọwọ́ kejì fún ara rẹ̀ kí ó tó kúrò ní èbúté. Ọwọ́ kejì náà ni òpó, ìgbòkun àti okùn ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tò wọ́n dáradára, wọn yóò sìn ín bí ọmọ ọ̀dọ̀ olóòótọ́; bí ó bá sì tò wọ́n bí ẹni pé ènìyàn mẹ́rin ni yóò máa fà wọ́n, wọn yóò di ọ̀tá rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjì bá dé.

Joshua Slocum, ọmọ bíbí Nova Scotia tí ó di ọ̀gá atukọ̀ ní Amẹ́ríkà, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá nìkan fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po. Ní Fairhaven, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni wọ́n ti fi ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Spray, tí a ti gbé kalẹ̀ sínú pápá, ta á lọ́rẹ; oṣù 13 ni ó fi tún un kàn, gígùn rẹ̀ kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà 37. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1895 ni ó ta ìgbòkun ní Boston, ẹni ọdún 51 ni, kò sì mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1898 ni ó tó gúnlẹ̀ sí Newport, lẹ́yìn ìrìn tí ó tó máìlì 46,000.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí Slocum dé Buenos Aires, tí ó sì mọ̀ pé omi líle Patagonia ni ó kàn, kò wá òpó tí ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ńṣe ni ó yọ òpó rẹ̀, tí ó gé ẹsẹ̀ bàtà 7 kúrò lára rẹ̀, tí ó sì gé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 kúrò lára igi tí ó nà jáde ní iwájú ọkọ̀. Ẹ̀yìn náà ni ó wá kábàámọ̀ pé òun kò gé ẹsẹ̀ bàtà kan sí i lára igi iwájú yìí, nítorí orí rẹ̀ ni ó ní láti rìn lọ bí ó bá fẹ́ dín ìgbòkun iwájú kù. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kí ó tó jáde kúrò ní Ọ̀nà-omi Magellan, ó ti ri òpó kékeré kan mọ́ ìdí ọkọ̀, ó sì ta ìgbòkun kékeré sí i, kí ìgbòkun ńlá lè kéré sí i, kí apá ọkùnrin kan lè ká a. Ìgbòkun tí apá rẹ ká nínú ìjì ni ìgbòkun rẹ. Èyí tí ó jù ọ́ lọ, ti afẹ́fẹ́ ni.

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ní etí omi Patagonia, Slocum rí ìgbì kan tí ó ń bọ̀ bí òkè, tí orí rẹ̀ ga tó orí òpó. Àkókò kúkúrú péré ni ó ní láti sọ gbogbo ìgbòkun rẹ̀ kalẹ̀, kí ó sì gun okùn ìgbòkun lọ sókè, kí omi tó bo ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà yọ padà, ọkùnrin náà sì yè. Bí okùn wọ̀nyẹn bá lọ́ mọ́ra, bí kókó kan bá kọ̀ tí kò tú, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ìbá parí sí. Nítorí náà, ìwọ tí o fẹ́ dá tukọ̀, ṣe ibi mẹ́ta tí a ó ti máa dín ìgbòkun ńlá kù, kí o sì máa dín in kù nígbà tí ọkàn rẹ bá kọ́kọ́ sọ pé ó yẹ, má ṣe dúró de ìgbà kejì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ọ̀ràn tí ó kù ni ibi tí okùn yóò gbẹ̀yìn sí. Hasler, ará Bìrìtìkó tí ó fi ọkọ̀ Jester dá sọdá òkun Àtìláńtíìkì ní ọdún 1960, lo ìgbòkun kan ṣoṣo bíi ti àwọn ará Ṣáínà, ó sì kó okùn rẹ̀ wá sí ojú ihò kan láàárín ọkọ̀, débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdí láti jáde sórí ọkọ̀. Ọjọ́ 48 ni ó fi dé New York. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n gbogbo púlì tí okùn bá gbà kọjá ni ó ń mú kí fífà rẹ̀ le sí i, nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe fi okùn tí ń fa ìgbòkun sókè sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òpó, tí wọ́n sì ṣe ibi ìdúró tí ó dájú sí ibẹ̀. Èyí tí ó wù ọ́ nínú méjèèjì ni kí o mú, ṣùgbọ́n má ṣe pín iṣẹ́ kan sí ojú méjì, kí o má baà máa sá síwá sá sẹ́yìn lórí pákó tí omi ti sọ di yíyọ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn okùn irin tí ó di òpó mú kì í sábà já láàárín. Oríkèé wọn ni ikú máa ń bá wọlé, pàápàá ti ìsàlẹ̀, níbi tí omi iyọ̀ ti ń dúró. Fi òwú nu wọ́n láti òkè dé ilẹ̀: ibi tí òwú bá ti há, ẹ̀ka irin kan ti já níbẹ̀. Fi ojú wá ìlà tín-ín-rín lára oríkèé gbogbo. Bí okùn irin bá sì ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, pààrọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dán. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ẹni kan ṣoṣo kò lè fa ara rẹ̀ gòkè òpó ní ìrọ̀rùn, nítorí náà kan àtẹ̀gùn mọ́ ọn nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní èbúté.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, wá ìdọ́gba ìgbòkun títí ọkọ̀ yóò fi lè máa tọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí Slocum lọ láti Erékùṣù Thursday sí Erékùṣù Keeling, máìlì 2,700 ní ọjọ́ 23, gbogbo wákàtí tí ó fi di ìtọ́kọ̀ mú kò ju mẹ́ta lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń tọ́ ara rẹ̀ ni ó lè sùn, ẹni tí ó bá sì sùn ni ó lè ronú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọkàn yín ń fà sí òkun, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ kọ́kọ́ dá nìkan lò ó ní tòsí ilé, ní ọ̀sán àti ní òru, kí ọwọ́ yín lè mọ okùn kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. Ẹ so ara yín mọ́ ọkọ̀ nígbà gbogbo, nítorí ẹni tí ó dá nìkan jábọ́ sínú omi, kò sí ẹni tí yóò yí ọkọ̀ padà wá gbé e.