A Kì í Tẹ Háàpù

Àwòrán ohun èlò orin kan wà lára ìgò Guinness tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti mọ̀ dáadáa, pàápàá láti ọdún 1962 tí wọ́n ti ń pọn ọtí náà ní Ìkẹjà. Igun mẹ́ta ló ní. Àpótí tó ń gbé ìró jáde wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn tó tẹ̀ kọrọdọ wà lókè, òpó kan sì yọ ikùn síta níwájú. Àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ta okùn sí. Háàpù àwọn ará Írẹ́lándì ni. Lọ́dún 1876 ni ilé iṣẹ́ ọtí náà ti fi í forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì tirẹ̀, nígbà tí ìjọba Írẹ́lándì sì fẹ́ lo háàpù kan náà lẹ́yìn òmìnira ọdún 1922, apá kejì ni tiwọn kọjú sí. Bí a bá ní kí ẹni tó ń wo ìgò yìí fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n ń fi nǹkan ọ̀hún ṣe, ẹnu ò ní kò. Àwọn kan á ní dùùrù ni, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan á ní wọ́n ń lù ú. Àwọn díẹ̀ á ní háàpù ni, wọ́n ń ta á. Ẹ̀yìn àwọn díẹ̀ yìí ni mo wà, n ó sì fi orin àwọn Kẹ́líìtì, ìyẹn àwọn ará Írẹ́lándì àti àwọn ìbátan wọn ní Skọ́tlándì, Wéèlsì àti Brittany, gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo bá gbogbo ohun èlò orin lò. A ń lu ìlù, a ń fọn fèrè, a ń sẹ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, a ń ta gìtá, a sì ń tẹ dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tó fi ń kó gbogbo rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá. A ò jẹ ẹ́ ní gbèsè pé kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ tàbí ẹnu ń ṣe ló ń yan ọ̀rọ̀ fún wa. Ta inú ta gìtá yìí, ó jọ pé ẹbí kan náà ni òun àti ta inú ta ọfà: ìka á fa okùn, á jù ú sílẹ̀ lójijì, okùn á sì dún bó ti ń sáré padà sí àyè rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe lára háàpù nìyẹn gan-an, kò sí nǹkan tí ìka ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé lù ti gbòòrò, pé à ń gbọ́ lu gìtá àti lu pianó lójoojúmọ́, ó sì ń yé ara wa. Òótọ́ ni, n kò sì ní torí ìyẹn pe ẹnikẹ́ni ní aláìgbédè. Ṣùgbọ́n ẹ wo Derek Bell, ọmọ Belfast tó gbáyé láàárín 1935 sí 2002, tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin Írẹ́lándì tó ń jẹ́ Chieftains. Háàpù ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ṣùgbọ́n ó mọ óbò, ó mọ pianó, ó sì tún ní ohun èlò olókùn kan tó ń pè ní tiompán, èyí tí wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gbá lókùn. Ọkùnrin yìí ń ta háàpù, ó ń fọn óbò, ó ń tẹ pianó, ó sì ń lu tiompán. Ẹni tó bá sọ pé ó ń lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò purọ́ tó ẹ̀wọ̀n, àmọ́ ó ti fi iṣẹ́ mẹ́ta pamọ́ sábẹ́ ọ̀kan.

Inú Bíbélì ni dùùrù ti gba ipò háàpù. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ fi dùùrù lé Dáfídì lọ́wọ́ níwájú Sọ́ọ̀lù, dùùrù náà ni àwọn ìgbèkùn fi kọ́ sára igi wílò ní Bábílónì. (Ó ṣe kòńgẹ́ pé igi wílò ni àwọn agbẹ́háàpù àtijọ́ ní Írẹ́lándì sábà máa ń gbẹ́ àpótí ìró láti inú rẹ̀, odindi ìtì kan ni wọ́n á sì gbẹ́ ní ihò.) Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ló tún fi orúkọ yìí pe ohun èlò ńlá tí ọ̀gá akọrin ń jókòó tì ní ọjọ́ ìsinmi, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀. Nǹkan méjì wá ń jẹ́ orúkọ kan. Àwọn àgbà kan kò fẹ́ gbọ́ pé a fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú Ìwé Mímọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, n kò sì bá wọn jà: dùùrù Dáfídì á máa jẹ́ dùùrù Dáfídì. Ohun tí mo ń sọ ni pé lóde òní, bí o bá dá orúkọ yẹn lé ẹnikẹ́ni létí, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rí, atẹdùùrù ló ń rí. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn afọ́jú kan ń gbé dùùrù kiri lórí ẹṣin ní Írẹ́lándì ti fẹ́ pa àwọn òǹkàwé lẹ́rìn-ín láìmọ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ta àti tẹ̀ tilẹ̀ ti ṣe orin Írẹ́lándì léṣe rí. Ní oṣù Keje ọdún 1792, àwọn èèkàn ìlú Belfast pe àwọn oníháàpù tó ṣẹ́kù nílẹ̀ náà jọ, nítorí iṣẹ́ ọ̀hún ti ń kú lọ. Àwọn ìjòyè tó ń bọ́ wọn láyé àtijọ́ ti pàdánù ilẹ̀ àti agbára. Mẹ́wàá wá láti Írẹ́lándì, ọ̀kan wá láti Wéèlsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ríran. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 19 kan, Edward Bunting, ni wọ́n háyà láti kọ ohùn orin wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ wo ni Bunting ń ṣe? Atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó gbọ́ Denis Hempson, bàbá ẹni ọdún 97, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣì ń fi èékánná gígùn ta okùn wáyà bíi ti àwọn ará ìṣáájú. Okùn wáyà kì í tètè dákẹ́. Bí ìka kan bá ta á, ó di dandan kí ìka mìíràn lọ pa á lẹ́nu mọ́ lásìkò, kí ìró rẹ̀ má baà da ìró tó ń bọ̀ rú. Ìdajì ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú ìpanilẹ́numọ́ yìí. Àwọn ìwé kékeré tí Bunting kọ ohùn sí ní kíákíá ṣì wà ní Yunifásítì Queen's ní Belfast, ohùn orin lásán ló sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1796, àti lẹ́ẹ̀kejì ní 1809, àti lẹ́ẹ̀kẹta ní 1840, pianó ló to orin fún. Ó fi ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ kún un, èyí tí ọwọ́ ataháàpù kankan kò ta rí. Orin tí wọ́n ń ta ló sọ di orin tí wọ́n ń tẹ̀, inú ìwé rẹ̀ ni akéwì Thomas Moore sì ti mú ọ̀pọ̀ ohùn tó fi kọ orin olókìkí tirẹ̀ láti 1808 lọ.

Ẹ má rò pé mo ń bú Bunting. Láìsí òun, ọ̀pọ̀ ohùn wọ̀nyẹn ì bá ti wọlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ni wọ́n. Òun náà ló sì pèsè ẹ̀rí tó dára jù lọ fún mi: nínú ìwé 1840, ó to orúkọ tí àwọn oníháàpù fúnra wọn ń pe oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta okùn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á lẹ́nu mọ́, ní Gaelic, èdè ìbílẹ̀ wọn. Àwọn tó ní iṣẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ kan kó gbogbo rẹ̀. Kí ló wá dé tí àwa tí èdè wa lówó lọ́wọ́ fi máa ṣe é?

Àtakò tó kù ni ti àwọn tó ń sọ pé háàpù kì í ṣe Yorùbá, pé kí a wá orúkọ ìbílẹ̀ fún un. Gòjé ni àwọn kan ń dárúkọ. Gòjé kò lè ṣe é: ọ̀pá tí a so irun ẹṣin mọ́ la fi ń fà á, ìka kì í ta á sílẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Mólò sún mọ́ ọn díẹ̀ nítorí ìka ló ń ta á, ṣùgbọ́n okùn mólò ń tọ ọrùn rẹ̀ lọ, ti háàpù sì gba inú òfìfo kọjá láti àpótí dé ọrùn. Kò sí ìtìjú nínú kí nǹkan àlejò jẹ́ orúkọ àlejò. Àwọn tó ni háàpù pàápàá kò fẹnu kò lórí orúkọ: cláirseach ni ní Írẹ́lándì, clàrsach ni ní Skọ́tlándì, telyn ni ní Wéèlsì, telenn ni ní Brittany tó wà ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Alan Stivell ti gbé e dìde padà pẹ̀lú àwo orin rẹ̀ ti 1971. Orúkọ àwọn ènìyàn náà ńkọ́? K ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Kẹ́líìtì. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Glasgow tó ń jẹ́ orúkọ yìí nìkan ni kí a fi ìró S sílẹ̀ fún.

Bí a bá ti gbà pé iṣẹ́ ló ń yan ọ̀rọ̀, àwọn orúkọ orin wọn á rọrùn láti mú wọ Yorùbá. Ìtàn àtijọ́ kan, Cath Maige Tuired, sọ nípa Dagda, olórí láàárín àwọn òrìṣà Írẹ́lándì, tí àwọn ọ̀tá jí háàpù rẹ̀ gbé. Ó tọpa wọn dé gbọ̀ngàn àsè, ó pe háàpù náà lórúkọ. Háàpù fò kúrò lára ògiri, ó sì pa ènìyàn mẹ́sàn-án kó tó dé ọwọ́ olúwa rẹ̀. Dagda wá ta orin mẹ́ta. Àkọ́kọ́ mú àwọn obìnrin sunkún, èkejì mú wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀kẹta kun gbogbo ogun náà lóorun, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Goltraí, geantraí àti suantraí ni orúkọ mẹ́ta náà, títí dòní ni àwọn ẹgbẹ́ oníháàpù sì ń to orin wọn sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń yá lẹ́nu ni orin ẹkún, orin ẹ̀rín, orin oorun. N kò fara mọ́ ọn. Orin ẹkún á mú wa rántí ẹkún ìyàwó, níbi tí ẹni tó ń sun ún ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́. Dagda kò sunkún, àwọn tó gbọ́ ọ ló sunkún. Orin amúnisunkún, orin amúnirẹ́rìn-ín, orin amúnisùn: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- pẹ̀lú mú ni ti sọ ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ṣe é sí.

Ọ̀dọ̀ ataháàpù Turlough O'Carolan ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Ọdún 1670 ni wọ́n bí i. Ìgbóná fọ́ ọ lójú nígbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún 20, obìnrin ọlọ́lá kan sì ní kí wọ́n kọ́ ọ ní háàpù, ó fún un ní ẹṣin àti ẹni tí yóò máa mú un lọ́nà. Títí tó fi kú ní 1738 ló ń ti ilé olówó kan bọ́ sí òmíràn, ó sì ń ṣẹ̀dá orin ní orúkọ ẹni tó gbà á lálejò. Orin tó lé ní 200 ló fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ wá sí ọmọ Yorùbá lọ́kàn ni oríkì. Kì í ṣe oríkì. Oríkì ń tọ ìdílé lọ láti ìran dé ìran, kò sì sí ẹni tó lè ní òun nìkan ni òun dá a sílẹ̀. Ti O'Carolan ní ẹni tó ṣe é, ó ní ẹni tó ṣe é fún, ó sì sábà jẹ́ ẹ̀san oúnjẹ àti ibùsùn. Àwọn kan á ní ṣebí dùndún ń ki ènìyàn láìlanu. Bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ọ̀rọ̀ ni dùndún ń sọ, ohùn òkè, ti ìsàlẹ̀ àti ti àárín ló fi ń pè é. Gaelic kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, okùn háàpù kò sì lè fi í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Orin àyẹ́sí ló bá a mu.

Bákan náà, ẹgbẹ́ akọrin tí àwọn akọ̀ròyìn ń lò fún gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ti ń ṣeré kò bá àwọn oníháàpù mu. Láyé àtijọ́ ataháàpù kan ṣoṣo ló ń jókòó nídìí akéwì ní ibi àsè ìjòyè, bí àwòrán tí John Derricke tẹ̀ jáde ní 1581 ti fi hàn. Àpéjọ oníháàpù púpọ̀ tó ń ta orin kan náà pọ̀ jẹ́ nǹkan òde òní. Belfast Harp Orchestra tí Janet Harbison dá sílẹ̀ ní 1992, láti fi ṣe ìrántí igba ọdún àpéjọ ti 1792, bá Chieftains ṣe àwo kan ní ìrántí Bunting, àwo náà sì gba Grammy. Háàpù ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹgbẹ́ oníháàpù ni wọ́n.

Ìṣòro kan wà nínú ohun tí mo ń dábàá, mi ò sì ní fi pamọ́. "Ó ta háàpù" lè túmọ̀ sí pé ó gbé e lọ sọ́jà, nítorí tà tó jẹ́ ti ọjà náà máa ń bọ́ sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e. Bí a bá fi arọ́pò-orúkọ dípò, wọ́n á yà: ó ta á, ìka rẹ̀ wà lára okùn, ó tà á, owó ti wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ròyìn pé UNESCO fi iṣẹ́ yìí sára àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní 2019, kó kọ "háàpù títa", kó sì ṣọ́ àmì ohùn orí rẹ̀. Bó bá kọ "títà", UNESCO ti di alágbàtà nìyẹn.