Ègbè Orin fún Ahọ́n Àlejò

Nígbà tí àwọn àgbà bá sọ pé "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé", ohun tí òwe náà ń tọ́ka sí ju iye ènìyàn lọ, nítorí pé ẹni tí ó jókòó láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí kò sì rí èdè bá wọn sọ, ṣì dá wà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbéra láti Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè iléèwé, tí ó wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Yorùbá ẹnu rẹ̀ lè bá a ra ọjà, ṣùgbọ́n tí ó bá dé kíláàsì, ahọ́n rẹ̀ a wúwo, àárò ilé a sì máa sọ ọ́.

Robert Weiss, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1973 pé ìdánìkanwà pín sí méjì: àìní alábàárò, ìyẹn ẹni tí ènìyàn lè tú ọkàn rẹ̀ palẹ̀ fún, àti àìní ẹgbẹ́, ìyẹn àwùjọ tí ènìyàn lè ka ara rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè máa kó èrò jọ yí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ìbá tó. Orin tí olùkọ́ lè fi kọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní èdè kì í ṣe alábàárò, kò sì yẹ kí a tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ lórí èyí, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè pèsè ẹgbẹ́. Ìwádìí tí Eiluned Pearce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford tẹ̀ jáde ní 2015 tọ́ka sí i pé, láàárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi oṣù méje kọ́ orin, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìwé kíkọ, gbogbo wọn ni ó sún mọ́ ara wọn nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń kọrin ni ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ahọ́n, iṣẹ́ orin jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Sílébù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí a lè fi ohùn gbé jáde lẹ́ẹ̀kan, kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì nínú Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí "bread", tí ó jẹ́ sílébù kan lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi di búrẹ́dì onísílébù mẹ́ta. Olùkọ́ lè tún un ṣe títí kí ó má wọlé, ṣùgbọ́n ìlù kan ṣoṣo ni orin fún ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó bá sì fi mẹ́ta dí i yóò rí i pé àwọn yòókù ti lọ níwájú. Carolyn Graham, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní New York, lo irú ọgbọ́n yìí nínú ìwé rẹ̀, Jazz Chants, ní 1978, níbi tí ó ti to ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ mọ́ ìlù jáàsì, tí ẹni tí kò lóhùn orin pàápàá fi lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ki ẹ̀rọ bọ etí, tí ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, lè mọ orin náà sórí, ṣùgbọ́n ìdánìkanwà rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ọgbọ́n tí ó dára jù ni lílé àti ègbè, tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́: ẹnìkan a lé orin, àwọn yòókù a gbè é. Inú ègbè ni kí a fi àlejò sí, nítorí pé ohùn àwọn yòókù yóò bo àṣìṣe rẹ̀, yóò sì gbé ohùn rẹ̀ ró. Kí orin náà kúrú, kí ó má yára, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìpàtẹ́wọ́ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Tí ó bá sì jẹ́ orin ìgbàlódé tí ó pa Gẹ̀ẹ́sì, Píjìnì àti Yorùbá pọ̀, kí olùkọ́ fi ààlà wọn hàn án.

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà", nítorí náà, nígbà tí ẹnu àlejò náà bá ti ń là, kí olùkọ́ bi í ní orin ìlú rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ó lé e, kí kíláàsì sì gbè é. Ọjọ́ náà gan-an ni alábàárò lè yọ jáde láti inú ẹgbẹ́, nítorí pé ẹnìkan nínú wọn lè dúró lẹ́yìn kíláàsì láti bi í pé ta ni ó kọ́ ọ ní orin náà nílé.