Lámèyítọ́ Fọ́tò: Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ àti Bí A Ṣe Ń Gbà Á

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí púpọ̀ nínú yín ń ṣe: yíya fọ́tò ojú ènìyàn, àti àtúnṣe tí a ń ṣe sí i kí a tó fi han aráyé. Kì í ṣe bí a ṣe ń yà á gan-an ni a fẹ́ kọ́. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí a ṣe ń sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ ẹlòmíràn, àti bí a ṣe ń gbọ́ òótọ́ nípa tiwa. Ọ̀rọ̀ burúkú kan ṣoṣo lè mú kí ẹni tó ní ẹ̀bùn gbé kámẹ́rà jù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò gbọ́ ju "ó rẹwà" lọ yóò máa tẹ ojú kan náà fún ọdún pípẹ́.

Kí ni lámèyítọ́?

Ẹni tó ní "o ò mọ fọ́tò yà" bú ènìyàn. Ẹni tó ní "fọ́tò yìí ò dáa", tó sì dákẹ́, ṣe àríwísí. Ẹni tó ní "ó dáa gan-an" láìtíì wò ó, ìpọ́nni ló ṣe. Lámèyítọ́ yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ní í sọ ohun tí ojú rí, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọ̀dọ́bìnrin kan ya ìyá àgbà rẹ̀ ní fọ́tò tí wọn yóò fi sínú férémù. Ìyá lo ìbòrí funfun, wọ́n jókòó síwájú ògiri funfun, ilà àbàjà sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Nígbà tí fọ́tò jáde, ojú ìyá ṣókùnkùn. Ọmọ náà bá fi fóònù tún un ṣe: ó mú ojú náà funfun, ó sì mú awọ ara jọ̀lọ̀. Ojú ń dán báyìí, ṣùgbọ́n ìhunjọ ti lọ, àbàjà náà sì ti parẹ́. Ó wá gbé e wá, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó." Kí ni kí a sọ?

Ojúṣe ẹni tó ń sọ

Èkíní: bèèrè ohun tí fọ́tò náà wà fún. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa ní 1968. Nínú púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà, ẹ̀yìn orí ló kọjú sí wa. Ẹni tó bá bèèrè pé "ojú dà?" kò tíì mọ ohun tí ó ń wò, nítorí irun dídì ni Ojeikere fẹ́ kí a rí. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìyá tiwa yìí, nítorí kí àwọn ọmọ lè máa rántí ojú wọn ni a ṣe yà á. Ìyẹn ni a ó fi wọ̀n ọ́n.

Èkejì: sọ ohun tí ojú rẹ rí kí o tó dájọ́. "Ojú mi kọ́kọ́ lọ sí ìbòrí funfun yẹn. Ó pẹ́ kí n tó rí ojú ìyá. Bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ wuyì, má yí ìyẹn padà." Sọ èyí tó dára pẹ̀lú, kí ó lè mọ ohun tí yóò dì mú. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ẹ̀kẹta: wá ìdí rẹ̀. Kámẹ́rà máa ń wọn ìmọ́lẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ kí ohun gbogbo wà ní agbedeméjì, kí ó má funfun jù, kí ó má dúdú jù. Nígbà tí ìbòrí àti ògiri funfun gba fọ́tò kan, kámẹ́rà rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, ojú sì ṣókùnkùn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: kí ìyá jókòó sí ìbòòji ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kọjú síta, kí ògiri náà má jẹ́ funfun, kí a fọwọ́ kan ojú wọn lórí gíláàsì fóònù kí ó lè wọn ìmọ́lẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé imú ló tóbi ju bó ṣe rí lọ, fóònù ti sún mọ́ ojú jù nìyẹn. Kí a sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: fọ́tò ni kí o bá wí, má bá ojú ènìyàn wí. Má sọ pé "ìyá yìí dúdú jù." Sọ pé "ìmọ́lẹ̀ kò dé ojú ìyá." Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ran àwọn tó ń fọ fọ́tò lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá àwọ̀ jáde dáadáa, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Ní 2021 ni Google gbé ètò tí wọ́n pè ní Real Tone jáde sínú fóònù Pixel 6, kí awọ dúdú lè jáde bó ṣe rí. Nítorí náà, nígbà tí awọ wa kò bá jáde dáadáa, iṣẹ́ irinṣẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ̀karùn-ún: mọ ibi tí o ti ń sọ̀rọ̀, kí o sì mọ ẹni tí ò ń bá sọ ọ́. Pe ojúgbà rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó jù ọ́ lọ, fi ìbéèrè gbé e kalẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí òjìji yìí bo ojú wọn ni?"

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe

Àtúnṣe kì í ṣe ohun tuntun. Láyé fíìmù, àwọn aláwòrán a máa fi ẹnu pẹ́ńsù tín-ín-rín pa àbàwọ́n rẹ́ lára nẹ́gátíìfù. Òṣùwọ̀n kan wà tó máa ń ranni lọ́wọ́: ohun tí kò ní sí lára ènìyàn mọ́ lọ́sẹ̀ méjì sí i, bí ìrorẹ́, a lè mú un kúrò. Ohun tó ń bá a gbé, bí ilà, àpá àti àmì àbínibí, ẹni tó ni ojú ni kí a bi.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ilà kíkọ sára ọmọ léèwọ̀. A kò bá òfin náà jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé àwọn tó kọlà láàárín wa ń dín kù, ojú wọn kò sì ní padà wá. Bí ọmọ-ọmọ bá wo férémù yẹn lẹ́yìn ogójì ọdún, ìyá tí kò ní àbàjà ni yóò mọ̀. Ìyá náà kò fìgbà kan rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ tó yẹ kí ọ̀dọ́bìnrin náà gbọ́ nìyí, kí fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ oníférémù.

Ojúṣe ẹni tó ń gbọ́

Kọ́kọ́ dákẹ́. Bí o bá ń ṣàlàyé, o ò ní gbọ́. Lẹ́yìn náà, bèèrè: "Ibo ni ojú rẹ kọ́kọ́ lọ? Kí ni ìwọ ìbá ṣe?" Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni o gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́, rò ó wò. Bí ẹni mẹ́ta tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ bá sọ ohun kan náà, padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Fún ìdí yìí, má ṣe pa ògidì fọ́tò rẹ́ láé. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí o máa tún ṣe. Ọ̀dọ́bìnrin wa yìí, bí ó bá tọ́jú ògidì, àbàjà ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Mú fọ́tò kan tí o yà wá sí ìpàdé, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tó wà nínú rẹ̀.
2. Jókòó pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ. Kí ó sọ ohun rere kan tó rí, ohun kan tó kù, ìdí rẹ̀, àti àtúnṣe rẹ̀.
3. Tún fọ́tò náà yà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi méjèèjì wé ara wọn.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹnu wa máa tún iṣẹ́ ara wa ṣe. Àmín.