Ọwọ́ Ta Ni Ó Kọ Ìwé Yìí?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀
Ibi kíkà: 2 Tẹsalóníkà 2:1–3 àti 3:17, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 17:10–12
Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa mọ bí a ti í wádìí iṣẹ́ tí ó bá dé sórí fóònù wa, kí a tó gbà á gbọ́, kí a tó fi owó lé e lórí, àti kí a tó fi jẹ́ ẹlòmíràn.



Ìdààmú kan fẹ́ wọ inú ìjọ Tẹsalóníkà. Ìròyìn ń lọ káàkiri láàárín wọn pé ọjọ́ Olúwa ti dé tán. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí wọn lórí ọ̀ràn yìí, ó dárúkọ àwọn ọ̀nà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé, ó sì fi ìwé tí ẹlòmíràn kọ ní orúkọ rẹ̀ kún wọn. Ẹ kíyè sí èyí. Ayédèrú ìwé kì í ṣe ohun tuntun nínú ayé. Ó ti wà láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì.

Ohun méjì ni Pọ́ọ̀lù ṣe. Èkíní, ó kìlọ̀ fún wọn kí ọkàn wọn má ṣe tètè dàrú. Èkejì, nígbà tí ó fẹ́ parí ìwé náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni, ó sì jẹ́ kí wọn mọ̀ pé àmì tí a ó fi máa mọ ìwé òun nìyẹn. A mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù a máa lo akọ̀wé. Nínú Róòmù 16:22, Tertiu tí ó bá a kọ ìwé náà dárúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe pọn dandan pé kí ìjọ mọ ọwọ́ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Èyí ni ẹ̀kọ́ wa lónìí: kí a tó gba iṣẹ́ gbọ́, kí a kọ́kọ́ bi í pé, ọwọ́ ta ni ó kọ ìwé yìí?

1. Bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ wa, àrokò ni àwọn bàbá wa fi ń ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín sínú okùn ń sọ fún ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí i. Ẹni tí kò mọ àrokò náà kò lè túmọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó sì gbé e wá kì í ṣe ẹni àìmọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ṣùgbọ́n kí a tó lè bẹ̀rù ẹni tí ó rán ni, a gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú irin wá sí Àríwá níhìn-ín, ọwọ́ ẹni tí ń bọ̀ láti ilé ni a ti ń gba ìwé. A ó jókòó ti ẹni náà, a ó bi í léèrè pé: Ṣé o fi ojú rí ìyá mi? Ta ni ó bá ìyá mi kọ ọ́? Èwo nínú àwọn ọmọ ni ó ń ṣàìsàn? Bí ìwé náà bá béèrè owó, a ó ti mọ̀ dájúdájú kí a tó ka owó jáde. Iṣẹ́ náà kì í yára dé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìyára yẹn jẹ́ ajọ̀ fún wa. Ohun tí kì í ṣe òtítọ́ a máa kù sórí rẹ̀.

2. Ohun tí ó yí padà

Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM ti dé Nàìjíríà, àti pàápàá láti ìgbà tí WhatsApp, tí a dá sílẹ̀ ní 2009, ti di ohun èlò ojoojúmọ́, ajọ̀ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ wa. A kò gbọdọ̀ jẹ́ aláìmoore. Òní ni ẹni tí ó wà ní Kánò ń rí ojú ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì jọ ń gbàdúrà. Nígbà tí owó bébà ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ìbá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ bí kì í bá ṣe pé a lè fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí èkejì lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n ìwà wa ti yí padà pẹ̀lú rẹ̀. A kì í béèrè mọ́. A rí àwòrán ẹnì kan àti orúkọ rẹ̀ lórí iṣẹ́, a sì gbà pé òun náà ni ó kọ ọ́. A kì í ka iṣẹ́ tán kí a tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹyin tí ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì jọ jù sílẹ̀, ta ni yóò kó o jọ?

3. Ìròyìn tí ń dẹ́rù bani

Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ní àrùn Ẹ̀bólà ti Làìbéríà wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Èkó. Ẹ̀rù ba gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí fóònù kan bọ́ sí orí òmíràn ní òru, pé kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu omi iyọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá jí ọmọ, ẹ̀gbọ́n pe àbúrò. Kò sí òtítọ́ nínú rẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn ìwé ìròyìn sì gbé ìròyìn irú ikú bẹ́ẹ̀ láti Jọ́ọ̀sì, níhìn-ín ní Àríwá.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa. Àwọn tí ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é. Ìfẹ́ tí kò wádìí ni ó gbé ikú wọ ilé. Kí ni ó sì ṣẹ́gun Ẹ̀bólà nígbẹ̀yìn? Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ nǹkan bí 900 ènìyàn tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn lọ, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò ní ojúkojú lójoojúmọ́, wọ́n ń bi wọ́n léèrè bí ara wọn ti rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ìbéèrè àti ìwádìí ni ó gbà wá. Òtítọ́ ni pé abèèrè kì í ṣìnà.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ìròyìn kan tún wà tí ó burú ju ti iyọ̀ lọ. Òun ni èyí tí ń wí pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà báyìí báyìí, pé kí gbogbo ẹni tí ó bá jẹ́ ará wa sá. Nígbà púpọ̀, àwòrán tí ó bá a wá jẹ́ ti ọdún mìíràn, tàbí ti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tí ó bá tari irú rẹ̀ síwájú láìwádìí lè sọ aládùúgbò tí kò ní ohunkóhun nínú di ẹni ìfura, ó sì lè fa ìjà tí kò tíì sí. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Níbo ni? Nígbà wo? Ta ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí i? Lẹ́yìn náà ẹ pe ẹnì kan tí ó wà ní ibẹ̀ gan-an.

WhatsApp pàápàá ní àmì kan tí ó yẹ kí a mọ̀. Bí iṣẹ́ kan bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá, ọfà kékeré kan a máa wà lórí rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọfà náà a di méjì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, a kò lè fi iṣẹ́ olọ́fà méjì ránṣẹ́ sí ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ bá rí ọfà méjì, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí yín kọ́ ni ó kọ ọ́, àti pé bóyá ni ó mọ ẹni tí ó kọ ọ́.

4. Iṣẹ́ tí ń béèrè owó

Ọ̀nà tí olè fi ń gba WhatsApp ènìyàn nìyí. Olè yóò tẹ nọ́ńbà fóònù yín sórí fóònù tirẹ̀, bí ẹni pé òun ni yín. WhatsApp yóò fi nọ́ńbà ìdánilójú tí ó jẹ́ ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Láìpẹ́, ẹnì kan tí ẹ mọ̀ yóò kọ̀wé pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ bá òun dá a padà. Ẹni náà kọ́ ni. Olè ti gba tirẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà náà fún un, ó ti di yín nìyẹn. Yóò kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ìyá, sí oníbàárà, sí ẹ̀gbọ́n yín ní ilé, pé ẹ wà ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n yára fi owó ránṣẹ́. Àkáǹtì tí yóò fi lélẹ̀ yóò ní orúkọ mìíràn, yóò sì ní àlàyé fún un.

Ohun tí a ó ṣe kò le. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ìdánilójú fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọmọ yín. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ sì yan nọ́ńbà àṣírí tiyín. Bí olè bá tilẹ̀ rí nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí yóò dí i lọ́nà. Bí iṣẹ́ bá sì béèrè owó, ẹ pe ẹni náà, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ti lè sín ohùn ènìyàn jẹ, ẹ bi í ní ohun tí òun nìkan lè mọ̀: orúkọ tí ìyá àgbà fi ń pè é, tàbí ohun tí a jẹ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí ó kẹ́yìn. Àrokò ni ó tún padà dé yìí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, alẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀ kì í ṣe owó. Èyí tí ó wọlé sórí fóònù tiyín pàápàá, a lè ṣe ayédèrú rẹ̀ kí ó dà bí ti báǹkì. Ẹ wo iye tí ó wà nínú àkáǹtì yín fúnra yín kí ọjà tó kúrò lórí tábìlì. Oníbàárà gidi yóò ní sùúrù.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ mọ̀ pé ní ọ́fíìsì, ẹ kì í fi ọwọ́ sí sákúlà tí kò ní nọ́ńbà fáìlì, tí kò sì ní ìbuwọ́lùwé ọ̀gá. Èé ṣe tí sákúlà orí fóònù, tí ń wí pé kí ẹ tẹ ibì kan láti gba ajẹ́sílẹ̀ owó oṣù, fi ń rí nọ́ńbà BVN àti nọ́ńbà àṣírí yín gbà? Báǹkì kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ mú sákúlà náà lọ bá ẹni tí ó yẹ kí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde.

5. Àwọn ará Béríà

Ohun kan ni ó sòro jù fún àwa Yorùbá nínú gbogbo èyí. Ó dà bí àfojúdi lójú wa láti wádìí ọ̀rọ̀ àgbà. Bí iṣẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn tàbí ìyá ìjọ wá, ọ̀dọ́ kò ní lè bèèrè pé, Mà, ṣé ẹ̀yin ni? Olè mọ èyí, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ wa jẹun.

Nítorí náà ni a ṣe ka ìtàn àwọn ará Béríà. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni ó wàásù fún wọn, síbẹ̀ wọ́n ń wo inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. A kò bá wọn wí; a yìn wọ́n ni. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ni ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín ní gbangba pé kò sí ìbínú bí wọ́n bá pè yín láti wádìí. Ẹni tí ó jẹ́ òtítọ́ kì í bínú sí ìbéèrè. Olè ni í wí pé, Má pè mí, má sọ fún ẹnikẹ́ni, yára. Níbi tí ìkánjú bá ti pàdé àṣírí, ẹ dúró.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Báwo ni ìjọ Tẹsalóníkà ṣe lè mọ ìwé tí ó jẹ́ ti Pọ́ọ̀lù ní tòótọ́?
2. Kí ni ó sọ ìfẹ́ di ewu nínú ọ̀ràn omi iyọ̀ ọdún 2014?
3. Kí ni ọfà méjì ń sọ fún wa?
4. Báwo ni ọ̀dọ́ ṣe lè wádìí ọ̀rọ̀ àgbà láìtàbùkù sí i?

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: Kí olúkúlùkù yan nọ́ńbà àṣírí sórí WhatsApp rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe ran ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́, pàápàá àwọn ìyá wa. Kí ẹ sì pe àwọn ará ilé, kí ẹ jọ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ó fi máa dá ara yín mọ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kì í tètè dàrú, àti ẹnu tí ń jẹ́ iṣẹ́ òtítọ́. Àmín.