Ẹ̀KỌ́: OHUN TÍ A RÍ HE

Ibi Kíkà: Deutarónómì 22:1-3, Lúùkù 15:8-9

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, bí a bá rí yẹtí wúrà he lọ́jà Òmù-Àrán, ti ta ni? Àwọn mìíràn a ní Ọlọ́run ló pèsè. Ṣùgbọ́n obìnrin inú Lúùkù ṣì ń gbálẹ̀, ó ń wá fàdákà rẹ̀. Àwọn àgbà bi wá pé: ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ torí rẹ̀ kú, kí ni kí ẹni tó sọ ọ́ nù ṣe?

Òfin Penal Code pàápàá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí a bá sọ ọ́ di tiwa láìwá olóhun.

Ohun àtijọ́ inú ilẹ̀ ńkọ́? Òfin 1979 ní kí a fi tó ìjọba létí. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ lé ní 800. Ká ní oníkálukú gbé tirẹ̀ lọ, músíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà kì bá tí dé Èsìẹ́ ní 1945.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kéde ohun tí a bá he, kí a má sọ àmì rẹ̀. Olóhun ni yóò sọ ọ́.

Ìbéèrè: Kí ni ó wà nílé wa tí a kò tíì dá padà?