Ìgbọ́ràn Ajá nínú Agbo Ìdíje: Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀dọ́ Amájárìn Nílò

Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ní ibi tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti yà kúrò lára ọ̀nà tí ó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ìṣọ́ ni a mọ ajá mọ́ jù lọ. Ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. A ó fi ṣéènì so wọ́n mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, a ó sì tú wọn sílẹ̀ ní òru. Ọmọ tí ó bá dàgbà sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ yóò mọ bí a ti ń sọ pé ajá ń gbó, yóò sì mọ bí a ti ń sọ pé ajá buni jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ajá tí ń rìn létí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá láìsí okùn lọ́rùn rẹ̀, tí ó jókòó nígbà tí ọmọ náà dáwọ́ ìrìn dúró, kò ní rí ọ̀rọ̀ kan tí ó bá ohun tí ó rí mu. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wà láyé, àwọn ọmọdé sì ń kópa nínú rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ni láti wá ọ̀rọ̀ fún un, nítorí pé ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ fún ìgbésẹ̀ kan kò lè fi kọ́ ọmọ, áńbọ̀sì kí ó fi kọ́ ajá.

Ìdíje náà kò tíì pẹ́ títí. Ní ọdún 1933, ní Mount Kisco ní ìpínlẹ̀ New York, arábìnrin kan tí ń jẹ́ Helen Whitehouse Walker, tí ó ń sin ajá poodle, ṣètò ìdánwò kan láti fi hàn pé àwọn ajá òun ní ọgbọ́n, pé kì í ṣe irun dídára nìkan ni wọ́n ní. Ní 1936, American Kennel Club, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1884, gba ìdíje náà wọlé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Walker àti Blanche Saunders wa ọkọ̀ káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti fi í han àwọn ènìyàn. Lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ yìí, ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́fà kí ó tó wọ agbo. Láti ọdún 2010 ni wọ́n sì ti ń gba ajá tí kò ní ìran pàtó láyè pẹ̀lú. Kókó yìí kì í ṣe kékeré fún òǹkàwé ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ìdí tí ọmọ Ọ̀tà yóò fi rò pé àfi tí bàbá òun bá ra ajá Jámánì olówó gọbọi. Ajá ìbílẹ̀ tí ń jẹ èbà lẹ́yìnkùlé lè kọ́ gbogbo ohun tí a óò sọ níhìn-ín.

Ní ti ìgbọ́ràn fúnra rẹ̀, èdè Yorùbá kò ṣe aláìní rárá. Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ àti ṣíṣe é ni ìtumọ̀ gbọ́ràn, kò sì sí ohun mìíràn tí ìdíje yìí ń wò. Àwọn kan ti lo ìtẹríba, ṣùgbọ́n èyí kò tọ̀nà, nítorí pé ajá tí ó tẹ orí ba nítorí ìbẹ̀rù máa ń pàdánù máàkì: a fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ ní ìmọ̀ yìí lọ́wọ́. Òwe tí ó sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ ń fi hàn pé ìpè kan pàtó wà, pé a retí kí ajá dá a lóhùn, àti pé ẹ̀mí ajá wà nínú ìdáhùn náà. Nínú ìtàn àròsọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ọdẹ tí ó há sórí igi pe àwọn ajá rẹ̀, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé wà lára wọn, wọ́n sì sáré dé láti ilé. (Àwọn tí ń kọ́ ajá lónìí a máa gbani nímọ̀ràn pé kí orúkọ má ju sílébù méjì lọ, ọdẹ yẹn kò gbọ́ ìmọ̀ràn náà, àwọn ajá rẹ̀ sì jẹ́ ìpè síbẹ̀.) Láti inú jẹ́ ìpè ni a ti lè fa ìjẹ́pè yọ fún ìdánrawò tí ajá ti máa jókòó ní apá kan agbo, tí a ó pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì sáré wá jókòó síwájú ẹni tí ó pè é. Ìjẹ́pè sàn ju ìpadàbọ̀ lọ, nítorí pé ajá lè padà bọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa á.

Ẹni tí ó ni ajá ni alájá. Ẹni tí ó mú un wọ agbo lè yàtọ̀ sí alájá, nítorí náà ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀: amájárìn, ẹni tí ń mú ajá rìn. Adàjá kò dára tó, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹni tí ń da ẹran máa ń wà. Agbo wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú agbo eré àti agbo ijó. Okùn ni ohun tí a fi ń mú ajá. Ìjánu kò bá a mu, nítorí pé ẹnu ẹṣin ni ìjánu ń wọ̀, ṣéènì sì ni ti ajá ìṣọ́. Ẹni tí ń fún wọn ní máàkì kò yẹ ní adájọ́, nítorí kò sí ẹjọ́ láàárín ẹni méjì níbẹ̀. Olùdíwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ àṣẹ ni wàhálà ti pọ̀ jù. Nígbà tí amájárìn òyìnbó bá fẹ́ kí ajá rìn ní ẹ̀gbẹ́ òun, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí gìgísẹ̀ ni ó máa ń pè. Atúmọ̀ èdè tí ó bá kọ gìgísẹ̀ sílẹ̀ ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, kò túmọ̀ iṣẹ́. Èjìká ajá ni ó gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì amájárìn, kò gbọdọ̀ ṣíwájú, kò sì gbọdọ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ni kí a pè é, kí ìdánrawò náà sì jẹ́ ìrìn ẹ̀gbẹ́. Àlàyé tí a sábà máa ń ṣe nípa òsì ni pé ọwọ́ ọ̀tún ọdẹ ni ìbọn máa ń wà. Kí Yorùbá má ṣe kà á sí àbùkù.

Dúró le ju èyí lọ. Bí a bá sọ fún ẹni tí ó jókòó pé kí ó dúró, ó lè dìde. Bí a bá sọ ọ́ fún ẹni tí ń lọ, yóò dáwọ́ ìrìn rẹ̀ dúró. Bí a bá sì sọ ọ́ fún àlejò, ó lè wà lórí àga títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ènìyàn a máa fi ipò tí ọ̀rọ̀ wà mọ èyí tí a ń sọ, ṣùgbọ́n ajá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú agbo, nínàró jẹ́ ìdánrawò kan, nígbà tí olùdíwọ̀n yóò fi ọwọ́ kan ajá lára tí kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀. Wíwà lójú kan jẹ́ òmíràn. Ó sàn kí nàró jẹ́ ti àkọ́kọ́, kí dúró sì jẹ́ ti èkejì nìkan. Ti dídáwọ́ ìrìn dúró kò nílò àṣẹ, nítorí pé ajá gbọ́dọ̀ jókòó fúnra rẹ̀ nígbà tí amájárìn bá ti dúró. Dùbúlẹ̀ náà ní àléébù tirẹ̀: ohùn nìkan ni ó ya sílébù àkọ́kọ́ rẹ̀ kúrò lára ti dúró, ọmọ tí inú ń bí a sì máa gbé gbogbo ohùn sókè. Sùn kúrú, kò sì jọ òmíràn. Àwọn kan lè sọ pé ajá náà kò sùn ní ti gidi, ṣùgbọ́n ajá kì í wo ìwé atúmọ̀ èdè.

Ọmọ tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi alájá léèrè bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni a ti ń gún ọmọ ajá, a ó sì tún un ṣe bí dókítà ẹran bá ti là á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, láti ara ajá ni èyí tí ó tó 99 nínú 100 àrùn dìgbòlugi tí ń mú ènìyàn ti ń wá, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 sì jẹ́ nǹkan bí 40 nínú gbogbo 100 ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́. Konrad Most, ará Jámánì tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1910, gbára lé fífi okùn fa ajá àti ìyà. Ní 1951, B. F. Skinner kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí a ṣe lè fi èrè kọ́ ẹranko, ọ̀nà yìí ni ó sì gbilẹ̀ jù lọ lónìí. Ìfèrèkọ́ ni kí a pè é. Ohun tí ó gbé e ró ni àsìkò: èrè, ìbáà jẹ́ ègé ẹran kékeré, gbọ́dọ̀ tẹ ajá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá ṣe ohun tí a fẹ́. Bí ọmọ bá pàṣẹ jókòó, tí ajá jókòó, tí ó tún dìde kí ẹran tó dé ẹnu rẹ̀, dídìde ni ọmọ náà san èrè fún.

Inú ọgbà ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà tí ajá bá ti mọ iṣẹ́ níbẹ̀ ni kí a mú un jáde sí òpópónà tí ó dákẹ́, kí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Fèrè ọ̀kadà àti ariwo tírélà Ṣàngó jẹ́ ìdánwò ìkẹyìn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sán, kí ọmọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì. Bí kò bá lè gbé e síbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò ni ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ kí ajá fi ẹnu kàn wọ́n. Amájárìn tí ó mọ iṣẹ́ yóò yà fún wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ní ìpele àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 200 ni gbogbo máàkì. Ajá gbọ́dọ̀ ní 170 ó kéré tán, kí ó sì gba ju ìlàjì lọ nínú ìdánrawò kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú okùn, èyí tí a óò fi yí ènìyàn méjì po bí àmì 8, ní 40. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ láìsí okùn ní 40. Nínàró àti ìjẹ́pè ní 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tí ń gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀dọ́ jù ni àpètúnpè àṣẹ. Nínú ìjẹ́pè, bí a bá pe ajá lẹ́ẹ̀kejì, òfo ni. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà ni kí ọmọ ti máa pè é lẹ́ẹ̀kan, kí ó dákẹ́, kí ó sì dúró dè é.